Wíwá Àjèjì Apanirun Nínú Omi Erékùṣù

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ejò igi kan, Boiga irregularis, bọ́ sí erékùṣù Guam nínú Òkun Pàsífíìkì. Ó jọ pé inú ẹrù àwọn ológun ló bá dé. Ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹyẹ inú igbó ń dín kù, láti gúúsù erékùṣù náà lọ sí àríwá, àwọn èèyàn sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru oògùn apakòkòrò àti àrùn ẹyẹ. Ọdún 1987 ni olùwádìí Julie Savidge tó tẹ ìwádìí jáde pé ejò yìí ló ń jẹ wọ́n. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà náà: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹyẹ igbó ìbílẹ̀ Guam ti lọ, ejò náà sì ti pọ̀ débi pé ó ń gun òpó iná, tó ń mú kí iná kú mọ́ àwọn èèyàn lórí.

Ẹ̀dá erékùṣù kò ní ibi tí yóò sá sí, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ ọ̀tá nígbà tó bá dé. Àjọ IPBES, tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ àwọn ohun alààyè fún ìjọba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé àwọn àjèjì apanirun lọ́wọ́ nínú ìparun ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹ̀dá tí a mọ̀ pé wọ́n ti run kúrò láyé. Nínú àwọn tó sì jẹ́ pé àjèjì gan-an ló pa wọ́n run, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti erékùṣù.

Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú erékùṣù fi ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi mọ̀ pé àlejò ti wọlé nígbà tó ṣì kéré níye, tí ojú kò tíì lè tètè rí i. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀kan nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni DNA àyíká, ìyẹn DNA tí ẹ̀dá ń já sílẹ̀ sínú omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Àwọn tí orí ìwé yìí wà fún ni àwọn tó máa fọwọ́ ara wọn lò ó: ẹ̀ṣọ́ igbó ọba, òṣìṣẹ́ èbúté, akẹ́kọ̀ọ́, àti ará erékùṣù tó ṣe tán láti bu omi.

Ohun tó wà nínú omi

Kò sí ẹ̀dá tó ń gbé inú omi tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ síbẹ̀: awọ tó ń ṣí, ikun ara, ìtọ̀, ìgbẹ́, ẹyin. DNA wà nínú gbogbo wọn. Lọ́dún 2008, Francesco Ficetola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé omi tí a bù nínú ọ̀gọ̀dọ̀ lè sọ bóyá kọ̀ǹkọ̀ Amẹ́ríkà ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é. Kọ̀ǹkọ̀ yìí tóbi, ó ń jẹ ohunkóhun tó bá gba ẹnu rẹ̀, títí kan àwọn ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn, ọ̀pọ̀ ìlú ni wọ́n sì ti kó o lọ nítorí itan rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ. Omi tí wọ́n bù lẹ́ẹ̀kan kò ju mìlílítà 15 lọ.

Lọ́dún 2012, Tony Dejean àti ẹgbẹ́ tirẹ̀ tẹ èsì mìíràn jáde láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé. Wọ́n yẹ ọ̀gọ̀dọ̀ 49 wò. Àwọn tó fojú wá kọ̀ǹkọ̀ náà, tí wọ́n sì fetí sí igbe rẹ̀, bá a nínú 7. DNA bá a nínú 38. Èsì yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ẹ̀dá gbà pé ọ̀nà tuntun yìí ju eré yàrá àyẹ̀wò lọ.

Àmọ́ DNA kì í pẹ́ nínú omi. Oòrùn, ooru àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ti bàjẹ́. Àǹfààní ni èyí jẹ́ fún olùṣọ́ erékùṣù, nítorí ohun tí omi bá sọ lónìí kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ní tirẹ̀ lè tọ́jú DNA pẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá rú ẹrẹ̀ sókè nígbà tó ń bu omi ti da ọ̀rọ̀ àná pọ̀ mọ́ tòní, èsì rẹ̀ kò sì ní ṣeé gbọ́kàn lé.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé igò

Ìbéèrè tó ṣáájú ni: ta ni wọ́n ń wá? Bó bá jẹ́ ẹ̀dá kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ PCR ni wọn yóò lò, irú èyí tí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà àrùn Kòrónà. Wọn yóò ṣe práímà, ìyẹn ègé DNA kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ DNA ẹ̀dá náà nìkan, ẹ̀rọ yóò sì máa sọ ohun tó bá lẹ̀ mọ́ di púpọ̀ títí yóò fi hàn. Bó bá jẹ́ pé wọn kò mọ ẹni tó lè wọlé, bí i ní èbúté tí ọkọ̀ ń gbà ti gbogbo òkun dé, wọn yóò ka DNA gbogbo ẹja tàbí gbogbo kòkòrò tó wà nínú omi náà lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì fi wé àkọsílẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kejì yìí ń na ojú rẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ kò lè fi orúkọ jáde. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ìbílẹ̀ àwọn erékùṣù kéékèèké ni kò tíì sí níbẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lè wá jẹ́ pé kí wọ́n kó ègé ara àwọn ẹ̀dá ìbílẹ̀ jọ, kí wọ́n ka DNA wọn, kí wọ́n sì tò wọ́n sínú àkọsílẹ̀, kódà kí wọ́n tó bu omi kankan.

Àpẹẹrẹ kan wà tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ìgbín tí a ń tà lọ́jà wa, Archachatina marginata, ti di àjèjì ní São Tomé àti Príncipe, àwọn erékùṣù inú òkun tó wà níhà gúúsù wa. Ìgbín ìbílẹ̀ ibẹ̀, Archachatina bicarinata, tí kò sí níbòmíràn láyé, ń dín kù nínú igbó. Àwọn méjèèjì bá ara wọn tan gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ fi DNA wá àlejò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ lo práímà tó ń lẹ̀ mọ́ onílé náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo igbó ni yóò máa ké pé àjèjì wà, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì máa lé ìgbín tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Inú yàrá àyẹ̀wò ni a ti ń mọ èyí, kì í ṣe lóko: wọn yóò gbé práímà náà ka ẹran ara onílé àti àlejò, kí wọ́n tó fọkàn tán an.

Ibi tí wọn yóò ti bu omi kò gba àròjinlẹ̀ púpọ̀. Àlejò ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé: èbúté, ibi tí ọkọ̀ afẹ́ ń so okùn mọ́, ìdọ̀tí omi tó ń ti ìlú ṣàn wá, ọ̀gọ̀dọ̀ tó wà nítòsí ibùdó ẹrù. Lẹ́yìn èyí, ẹnu odò ńlá, nítorí odò ń kó ọ̀rọ̀ gbogbo ilẹ̀ tó ti ṣàn kọjá wá síbẹ̀. Àkókò ló ṣe pàtàkì jù. Ìgbà tí ẹ̀dá ń yé, tí ọmọ rẹ̀ sì kún inú omi, ni DNA rẹ̀ pọ̀ jù; ẹni tó bá lọ wá kọ̀ǹkọ̀ nígbà òtútù lè bọ̀ lọ́wọ́ òfo bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sùn síbẹ̀ bámúbámú.

Ní etí omi

Aṣọ àti bàtà ni wọ́n kọ́kọ́ ń mójú tó. Bàtà tó ti wọ ọ̀gọ̀dọ̀ kan lè gbé DNA lọ sí èkejì. Ó sì lè gbé ohun tó burú ju ìyẹn lọ: Batrachochytrium dendrobatidis, olú àìfojúrí tó ti pa ọ̀pọ̀lọ́ lọ bẹẹrẹ káàkiri ayé, ń bá ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà rìn. Ẹni tó ń wá àjèjì kò gbọdọ̀ di ẹni tó gbé e wọlé. Wọn yóò fọ ẹrẹ̀ kúrò, wọn yóò fi omi bílíìṣì pa ohun tó bá kù, wọn yóò sì ṣan án dáadáa kó má bàa pa ẹ̀dá inú omi.

Ẹni tó bá ń bu omi odò gbọ́dọ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ ibi tó ti ń bù ú, kó sì máa lọ láti ìsàlẹ̀ odò sí òkè, kí ohun tó ń bọ́ lára rẹ̀ máa bá omi lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tuntun ni fún ibùdó kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣeé ṣe, kó má tilẹ̀ wọ inú omi rárá.

Lẹ́yìn náà ni sísẹ́. Wọn yóò fa omi sínú sírínjì ńlá, wọn yóò fi asẹ́ kékeré tí wọ́n ti dé mọ́ inú ike sí ẹnu rẹ̀, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́. Mìlílítà bí i mélòó kan àkọ́kọ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá yá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Asẹ́ tó funfun tẹ́lẹ̀ á pọ́n, á di àwọ̀ ewé tó ti rẹ̀, omi á sì máa kán tó tó tó ní ẹnu ike. Nígbà tí kò bá gbà mọ́, ó ti tó, kí wọ́n má fi agbára tì í débi tí asẹ́ yóò fi fà ya. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni iye omi tó kọjá gan-an, nítorí ibi tí lítà kan ti kọjá àti ibi tí mìlílítà 200 péré ti kọjá kò ní agbára ẹ̀rí kan náà.

Asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.45 máíkírómítà ń mú DNA púpọ̀, ṣùgbọ́n omi ẹlẹ́rẹ̀ ń dí i kíá. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ a máa lo ihò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n lè sẹ́ omi tó pọ̀. Bí wọ́n bá ti sẹ́ tán, wọn yóò da omi olóògùn tàbí ẹtánọ́ọ̀lù lé asẹ́ náà, wọn yóò sì gbé e sínú òjìji, kó kúrò nínú oòrùn. Bó bá jẹ́ pé inú igò ni omi náà yóò wà títí wọn yóò fi délé, inú yìnyín ni kó wà, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ní New Zealand, irú sírínjì yìí ti kúrò lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ nìkan. Ilé iṣẹ́ Wilderlab ń kó asẹ́ àti sírínjì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, ètò ìjọba tó ń jẹ́ Wai Tūwhera o te Taiao sì ti kó o fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yà Māori kí wọ́n lè yẹ odò tiwọn wò. Ohun tó dára jù nínú ètò yìí ni pé onílé ló ń kọ́kọ́ mọ ohun tó wọ inú odò rẹ̀, kò dúró de àlejò láti wá sọ fún un.

Igò tí kò ní odò nínú

Bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni orí ìwé yìí lè fún èèyàn, èyí ni. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ gbé omi mímọ́ tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sẹ́ wá láti ilé, kó ṣí i ní etí odò, kó sì sẹ́ ẹ bó ti sẹ́ omi odò gan-an: sírínjì kan náà, ìbọ̀wọ́ kan náà, ọwọ́ kan náà. Bí yàrá àyẹ̀wò bá rí DNA kọ̀ǹkọ̀ nínú omi mímọ́ yìí, wọ́n mọ̀ pé ara ohun èlò ló ti wá, èsì ibùdó náà sì di èyí tí wọn kò lè fi ṣe ẹ̀rí. Irú igò omi mímọ́ bẹ́ẹ̀ tún ń wà ní yàrá àyẹ̀wò, nígbà tí wọ́n bá ń yọ DNA àti nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ PCR wò ó.

Ó rọrùn láti fo ìgbésẹ̀ yìí. Ó ti rẹ òṣìṣẹ́, òjò fẹ́ rọ̀, omi mímọ́ sì wúwo lẹ́yìn ẹni tó ń gun òkè. Síbẹ̀, tí kò bá sí igò yìí, ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" kan lè rán ọkọ̀ ojú omi, ajá tó ń gbóòórùn àti òṣìṣẹ́ lọ sí erékùṣù jíjìnnà réré láti lọ wá ẹ̀dá tí inú àpò ìwádìí nìkan ló ti wà.

Ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ kọ́" náà ń fẹ́ ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Omi igbó tó dúdú bí tíì kún fún oje ewé tó ń dá ẹ̀rọ PCR dúró, kódà bí DNA bá kún inú rẹ̀. Kọ̀ǹkọ̀ Amẹ́ríkà ti gbilẹ̀ ní Erékùṣù Vancouver ní Kánádà, níbi tí Yunifásítì Victoria wà. Caren Helbing àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì náà wá dá ọgbọ́n kan sí i: kí wọ́n tó wá ẹranko, wọ́n ń wá DNA ewéko nínú omi náà. Kò sí ọ̀gọ̀dọ̀ tí kò ní ewéko. Bí ẹ̀rọ kò bá rí ewéko, a jẹ́ pé àpẹẹrẹ náà ti bàjẹ́ tàbí oje ewé ti dí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Wọn yóò tún un fọ̀, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, wọn yóò yọ ọ́ kúrò dípò kí wọ́n kọ ọ́ pé kọ̀ǹkọ̀ kò sí.

Nígbà tí èsì bá dé

DNA ń sọ pé nǹkan ẹ̀dá kan dé inú omi yìí. Kò sọ pé ẹ̀dá náà wà láàyè, kò sọ pé ó ń gbé ibẹ̀, kò sì sọ iye rẹ̀ lọ́nà tó dájú. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí jù ni àwọn ará Ṣìkágò. Lọ́dún 2011, Christopher Jerde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé DNA àwọn ẹja kápù ilẹ̀ Éṣíà ti hàn ní òdìkejì odi oníná tí wọ́n fi ń dí wọn lọ́nà kí wọ́n má bàa wọ Adágún Michigan. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ológun tó ń rí sí ọ̀nà omi ní Amẹ́ríkà tọpa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé DNA ẹja lè gba ọ̀nà mìíràn dé: ìgbẹ́ ẹyẹ tó jẹ ẹja náà, òkú ẹja lórí ọkọ̀ ẹrù, yìnyín ọjà ẹja tó yọ́ sínú gọ́tà. Síbẹ̀, wọ́n ti mú ọ̀kan láàyè kọjá odi náà ní oṣù kẹfà ọdún 2010. Apá méjèèjì ló ní òtítọ́ lọ́wọ́.

Erékùṣù tó ń jẹ ẹja tí wọ́n kó ti òkèèrè wá gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Omi tó ń ti ilé oúnjẹ ṣàn wọ èbúté lè gbé DNA ẹja tí kò wẹ̀ nínú òkun ibẹ̀ rí. Omi tí ọkọ̀ ńlá ń gbé nínú ikùn rẹ̀ kó má bàa dojú dé lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àdéhùn àgbáyé tó wà lórí irú omi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ṣùgbọ́n kò sọ èbúté di mímọ́.

Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ jókòó kí èsì tó dé, kí wọ́n sì fẹnu kò. Bí àpẹẹrẹ kan ṣoṣo bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ta ló máa padà lọ bu omi, láàárín ọjọ́ mélòó? Bí ẹ̀ẹ̀kejì bá tún sọ bẹ́ẹ̀ ni, ta ló ní owó, ta ló ní tákúté, ta ni yóò sọ fún àwọn apẹja? Èsì tó bá bá wọn láìmúrasílẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni: àwọn kan á fẹ́ pa á mọ́, àwọn kan á ti gbé e jáde sínú ìwé ìròyìn, àjèjì náà á sì máa yé ẹyin rẹ̀ lọ.

Lórí ilẹ̀

Ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ni DNA àyíká tètè ń bá. Ejò àti ọmọnlé kì í já tiwọn sílẹ̀ púpọ̀, ibi tí wọ́n ń gbé sì lè jìnnà sí omi. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán ní Guam: lọ́dún 2020 wọ́n rí ejò kan náà ní Erékùṣù Cocos, ilẹ̀ kékeré tó wà létí Guam, níbi tí wọ́n ti dá ẹyẹ Guam tó ń jẹ́ rail padà sínú igbó. Fún irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀, tákúté, àtùpà òru àti ojú èèyàn ṣì ni olórí. Bákan náà ni ní Erékùṣù Gough nínú Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí eku ti ń jẹ ọmọ ẹyẹ albatross láàyè. Wọ́n da oògùn eku síbẹ̀ lọ́dún 2021, kámẹ́rà ló sì fi eku kan hàn wọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún náà.

Ọgbọ́n tuntun ń jáde o. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà mú rólà tí a fi ń kun ilé, wọ́n yí i lórí èèpo igi, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì wá DNA kòkòrò àjèjì nínú omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ẹgbẹ́ méjì tẹ ìwádìí afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ti ọgbà ẹranko Copenhagen bá irú ẹranko eléegun ẹ̀yìn 49 nínú atẹ́gùn tí wọ́n sẹ́, ti ọgbà Hamerton ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá 25. Ọgbà ẹranko kì í ṣe erékùṣù tí ẹ̀fúùfù òkun ń gbá lójoojúmọ́, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Rólà ní tirẹ̀ kò wọ́n, ẹni tó ń ṣọ́ ibùdó ẹrù lè bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní ara pákó àti ewéko tó wọlé láti òkèèrè.

Ìgbésẹ̀ kan kù tí ọ̀pọ̀ ètò ń gbàgbé láti náwó sí. DNA tí wọ́n yọ nínú asẹ́ kì í tán nínú àyẹ̀wò kan. Kí wọ́n pín in sí méjì, kí wọ́n gbé ìdajì sínú fírísà tó tutù tó ìwọ̀n 80 sábẹ́ òdo, kí orúkọ ibùdó, ọjọ́, wákàtí, iye omi tó kọjá asẹ́ àti orúkọ ẹni tó bù ú wà lára rẹ̀ pẹ̀lú íǹkì tí ẹtánọ́ọ̀lù kò lè pa rẹ́. Bí àjèjì mìíràn tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni lónìí bá hàn ní èbúté lọ́dún mẹ́wàá òní, wọn yóò lè padà sídìí omi àtijọ́ náà, kí wọ́n sì wo ọdún tó kọ́kọ́ dé àti ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé.